Iṣẹ́ ìyẹ̀wò líle òkúta tí a san owó fún: ibi tó wúlò àti ibi tó kù sí

Nígbà tí a fẹ́ mọ ibi tí katapílà yóò ti lè fa òkúta ya àti ibi tí a ó ti fi ẹ̀tù fọ́ ọ, lórí ilẹ̀ òkúta ẹfun kan ní ìhà Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, a gba ilé-iṣẹ́ kan tí ń fi ẹ̀rọ wo inú ilẹ̀.

Wọ́n na wáyà, wọ́n gún geophone, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, mọ́lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n wá ń fi òòlù ńlá lu awo irin, kí wọ́n lè ka àkókò tí ìmìtìtì náà fi dé ọ̀dọ̀ geophone kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n ẹni tó ń ra ìkòkò, tó ń lù ú gbọ́ dídún rẹ̀ kó tó sanwó, ni: òkúta tó ki máa ń gbé ìmìtìtì yára ju èyí tó rọ̀ tàbí tó ti sán lọ. Ní ti ìjìnlẹ̀ amọ̀ tó bo òkúta, mo gbóríyìn fún wọn, nítorí àwọn ihò tí a gbẹ́ lẹ́yìn náà bá àwòrán wọn mu.

Ojú ìwé tí wọ́n kọ líle òkúta sí ní megapascal, ìwọ̀n agbára tí òkúta lè gbà kó tó fọ́, ni n kò lè gbà. Wọn kò béèrè òkúta kankan tí wọn yóò fọ́ wò ní láàbù; ìṣirò tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ McNally gbé jáde ní 1987 fún àwọn òkúta ilẹ̀ èédú Ọsirélíà ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ tí a sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò ni ìṣirò náà dúró lé, kì í ṣe òòlù orí ilẹ̀, òkúta ibẹ̀ kò sì jọ òkúta ẹfun. Omi náà tún ń tan ni jẹ: nítorí pé ìmìtìtì ń rin nǹkan bíi mítà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú omi, amọ̀ rírọ̀ tí omi kún lè dà bí ohun tó le. Èyí tó léwu jù ni pé ọ̀nà òòlù orí ilẹ̀ yìí kì í rí ìpele rírọ̀ tó bá sá pamọ́ sábẹ́ èyí tó le, ìjábọ̀ wọn kò sì mẹ́nu bà á.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé a kò tilẹ̀ nílò ojú ìwé yẹn fún ọ̀rọ̀ katapílà, nítorí ilé-iṣẹ́ Caterpillar tó ń ṣe katapílà fúnra wọn ti tẹ àtẹ tó fi iyára ìmìtìtì sọ òkúta tí D9, irú katapílà ńlá wọn kan, lè fa ya.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n fún líle òkúta, kí ó kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn yóò sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ sínú ihò, wọn yóò sì fọ́ òkúta inú ihò kan náà wò kí wọ́n tó ṣírò ohunkóhun.