Kọ́ọ̀sì Ìṣirò Lẹ́yìn Kálkúlọ́ọ̀sì: Èwo Ló Yẹ Yín, Níbo Ló Yẹ Kówó Yín Lọ?

Bí ẹ bá ti ka kálkúlọ́ọ̀sì ọdún àkọ́kọ́ tán, tí ẹ sì fẹ́ tẹ̀ síwájú, orúkọ kọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í ya lù yín: Linear Algebra, Multivariable Calculus, Differential Equations, Real Analysis, Abstract Algebra. Orí orúkọ iléèwé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn. Èmi ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá kọ́ọ̀sì náà ń ní kí ẹ ṣírò ìdáhùn jáde, àbí ó ń ní kí ẹ fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀.

Nínú kọ́ọ̀sì oníṣírò, ẹ lè yẹ ara yín wò. Bí ẹ bá yanjú ìdọ́gba kan nínú Differential Equations (ìdọ́gba tó ní derivative nínú), ẹ dá ìdáhùn yín padà sínú ìdọ́gba náà. Bí apá méjèèjì bá bára mu, ẹ ti gbà á nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Real Analysis. Ìbéèrè á ti sọ ìdáhùn fún yín, á ní kí ẹ fi hàn pé òótọ́ ni. Ọ̀nà tí ẹ gbà débẹ̀ ni wọ́n ń máàkì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ẹ̀rí kì í sì í sábà rí àlàfo tó wà nínú tiẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ lè ka kọ́ọ̀sì oníṣírò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ fi owó yín pa mọ́ de ibi tí olùkọ́ á ti ka ẹ̀rí yín lẹ́sẹẹsẹ, tí á sì sọ ibi tó kù sí.

Linear Algebra àbí Multivariable Calculus?

Ẹni tó ń lọ sídìí ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí físíìsì ò lè yẹ Multivariable Calculus sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ gradient (ìhà tí fọ́ńkíṣọ̀n ti ń yára gòkè jù) àti tíọ́rẹ́ẹ̀mù Stokes (tó so íntẹ́gráàlì orí ojú kan pọ̀ mọ́ ti etí rẹ̀). Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ráyè fún, Linear Algebra ni kẹ́ ẹ mú. Iṣẹ́ dátà ń lò ó, yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà ń lò ó. Ọ̀nà tí Larry Page àti Sergey Brin gbé jáde lọ́dún 1998 láti to ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì, eigenvector mátíríìsì ńlá kan ló dá lé. Mátíríìsì ni tábìlì nọ́ńbà; eigenvector rẹ̀ ni fẹ́kítọ̀ tí mátíríìsì náà ò yí kúrò lórí ìlà rẹ̀, tó kàn ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan, tí à ń pè ní eigenvalue.

Ẹ ṣọ́ra o: kọ́ọ̀sì méjì tó yàtọ̀ síra gan-an ló ń jẹ́ Linear Algebra. Ọ̀kan jẹ́ ìṣirò mátíríìsì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìkejì ń ti orí vector space (àkójọ ohun tí a lè rò pọ̀, tí a sì lè fi nọ́ńbà sọ di púpọ̀) bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sì kún fún ẹ̀rí. Ẹ gba ètò ẹ̀kọ́ wọn, kí ẹ wo ìdánwò tó ti kọjá. Ẹni tó fẹ́ lo ìṣirò fún iṣẹ́ míì lè mú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó fẹ́ kàwé gboyè nínú ìṣirò gan-an, ìkejì ni tiẹ̀.

Differential Equations ò nira láti pinnu. Ẹ fi sẹ́yìn Linear Algebra, torí bí ẹ bá dé ibi tí ìdọ́gba púpọ̀ ti so kọ́ra, eigenvalue lẹ máa fi yanjú rẹ̀.

Real Analysis àti Abstract Algebra

Real Analysis ń tún kálkúlọ́ọ̀sì kọ́ láti ìpìlẹ̀. Lọ́dún 1872, Karl Weierstrass ará Jámánì gbé fọ́ńkíṣọ̀n kan síwájú Akádẹ́mì Berlin: ìlà rẹ̀ ò já níbì kankan, síbẹ̀ kò sí ojú kan lórí rẹ̀ tó ní derivative. Àwòrán tí a ń yà ní kálkúlọ́ọ̀sì ò lè gbà wá níbẹ̀. Ẹ̀rí nìkan ló lè gbà wá. Mo fẹ́ràn kọ́ọ̀sì yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Àwọn ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé náà sábà máa ń wá a nínú èsì ẹni.

Abstract Algebra ń kọ́ni ní group, ring àti field, ìyẹn àwọn àkójọ tí òfin ìṣirò kan ń darí. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ìdí tí kò fi sí fọ́múlà gbogbogbòò tó ń lo ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pípín àti root nìkan fún ìdọ́gba tí agbára x rẹ̀ dé 5, ohun tí Niels Abel fi ẹ̀rí hàn ní 1824. Bí ẹ ò bá tíì kọ ẹ̀rí rí, ẹ má ṣe kó méjèèjì pọ̀ ní sáà kan.

Níbo?

Fún kọ́ọ̀sì oníṣírò, MIT OpenCourseWare, tí yunifásítì MIT kéde lọ́dún 2001, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Fídíò Linear Algebra ti olùkọ́ wọn Gilbert Strang (nọ́ńbà kọ́ọ̀sì náà ni 18.06) wà níbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìdánwò. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Kò sí sátífíkéètì, kò sí kírẹ́díìtì, kò sì sẹ́ni tó máa máàkì iṣẹ́ yín.

Bí kírẹ́díìtì bá jẹ yín lógún, àwọn community college ilẹ̀ Amẹ́ríkà (iléèwé gíga ọlọ́dún méjì) sábà máa ń ní àwọn kọ́ọ̀sì oníṣírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn Linear Algebra, Multivariable Calculus àti Differential Equations, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n sábà ń dúró sí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́ lè wo NetMath ti University of Illinois, tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń fúnni ní kírẹ́díìtì yunifásítì.

Fún kọ́ọ̀sì ẹ̀rí, nínú àwọn tó ń kọ́ni láti òkèèrè, Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1969, ni mo gbé sókè jù. Túútọ̀ máa ń ka iṣẹ́ yín, á kọ àlàyé sí i, á dá a padà. Kọ́ọ̀sì wọn tó ń jẹ́ M208 kó Linear Algebra, group àti Real Analysis pọ̀. Kírẹ́díìtì 60 ni, ìdajì iṣẹ́ ọdún kan fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi gbogbo àsìkò rẹ̀ kàwé. Ẹ má fi 60 yìí wé kírẹ́díìtì 3 tàbí 4 ti kọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà o, òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀.

Bí ẹ bá sì lè jókòó sínú kíláàsì, iléèwé kékeré tí wọ́n ti ń ka gbogbo ẹ̀rí yín sàn ju iléèwé olókìkí tó jẹ́ pé ìbéèrè méjì nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń máàkì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ẹni tó ń máàkì àti iye ọjọ́ tí iṣẹ́ fi ń padà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé kírẹ́díìtì lọ síbòmíì, iléèwé tí ẹ ń gbé e lọ lẹ máa bi, kì í ṣe èyí tó ń tà á fún yín. Kí wọ́n dáhùn nínú lẹ́tà tàbí í-méèlì, kí ẹ sì so ètò ẹ̀kọ́ náà mọ́ ìbéèrè yín, torí orúkọ kọ́ọ̀sì nìkan ò tó wọn láti fi pinnu.