Ìda Fún Aṣọ Òjò: Èwo Nínú Mẹ́rin Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìda kun aṣọ nílé kí òjò má baà wọ̀ ọ́ yóò bá oríṣi mẹ́rin lórí àtẹ. Ìda oyin lásán wà; ìda àdàlù wà, tí wọ́n gé ní ṣíṣù bí ọṣẹ ìfọṣọ; ìda inú agolo wà, tí wọ́n ń yọ́ kí wọ́n tó fi pa aṣọ; olómi náà wà, tí wọ́n ń fín sí aṣọ tàbí tí wọ́n ń bù sínú omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Gbogbo wọn ló ń ṣèlérí pé omi ò ní wọlé, ṣùgbọ́n èyí tó bá jákẹ́ẹ̀tì kan mu lè ba ṣòkòtò jẹ́.

Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ìda. Ẹ ka àkọlé kékeré tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀. Òwú tí wọ́n hun típẹ́típẹ́ ló ń gba ìda jù: kánfáàsì, jíǹsì àti irú wọn. Òwú tí wọ́n pò mọ́ pólíẹ́sítà náà ń gbà á. Àpẹẹrẹ kan ni G-1000 tí ilé iṣẹ́ Fjällräven ti ilẹ̀ Sweden ń lò, tó jẹ́ pólíẹ́sítà 65 nínú 100 àti òwú 35. Náílọ́ọ̀nù dídán kì í fa ìda mu. Bí aṣọ òjò yín bá sì jẹ́ irú Gore-Tex, tó ní ihò wínníwínní tí òógùn ń gbà jáde, ẹ má fi ìda kankan kàn án, torí ìda yóò dí ihò wọ̀nyẹn pa.

Ìda oyin lásán

Ó di ìwọ̀n ooru 62 sí 64°C kó tó yọ́. Ó ń dì mọ́ òwú dáadáa, òórùn rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n ó le jù láti dá fi pa aṣọ tó máa ń ká. Bí òtútù bá mú, ó máa ń ya ní ìgúnwọ́ àti orúnkún, ìlà funfun á sì hàn níbẹ̀. Ẹni tó ń rán awọ tàbí kánfáàsì ni mo lè ní kó rà á, kó fi máa pa òwú ìránṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ ṣe aṣọ ìdìoúnjẹ: èyí tí wọ́n ṣe fún jákẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ.

Ìda àdàlù

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, òun ni kó rà. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, bíi Greenland Wax ti Fjällräven, pàráfíìnì, ìda tí wọ́n ń rí láti inú epo rọ̀bì, ni wọ́n pò mọ́ ìda oyin. Pàráfíìnì ń jẹ́ kó rọrùn láti pa kó sì tètè ṣàn, ìda oyin ń mú un dúró lára òwú. Ẹ ó fi pa aṣọ gbígbẹ títí ojú rẹ̀ á fi funfun díẹ̀, ẹ ó wá fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lọ̀ ọ́ títí ìda á fi wọnú òwú lọ. Áyọ́ọ̀nù àlòkù ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un; ìda tó bá kù lójú rẹ̀ yóò ba aṣọ funfun jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé ọwọ́ yín ló ń pinnu ibi tó máa pọ̀ sí. Èjìká àti itan tí òjò ń bọ́ lé lè gbà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Abẹ́ apá kò nílò rẹ̀ rárá, torí ibẹ̀ la ti ń làágùn. Bí ó bá sì pọ̀ jù, omi gbígbóná àti ọṣẹ á yọ díẹ̀ kúrò.

Àwọn kan kò fẹ́ ohun tó ti inú epo rọ̀bì wá. Otter Wax, tí wọ́n fi ìda oyin àti ìda ewéko ṣe, wà fún wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń pa á, kò pọn dandan kí iná kàn án, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi aṣọ kọ́ fún ó kéré tán wákàtí 24 kó tó balẹ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ díẹ̀, nítorí náà báàgì àti épírọ̀ọ̀nù ló bá mu ju ṣòkòtò lọ.

Ìda inú agolo

Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi ìda ṣe láti ilé iṣẹ́, irú ti Barbour, ni èyí wà fún. Ẹ gbé agolo náà sínú omi gbígbóná títí yóò fi yọ́, ẹ fi kànìnkànìn pa á, ẹ wá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun tẹ́ ẹ dọ́gba. Kò sí èyí tó ń lé òjò àti afẹ́fẹ́ tó o, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń mú àwọ̀ aṣọ dúdú. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀rọ ìfọṣọ, ọṣẹ àti omi gbígbóná di èèwọ̀ fún un. Omi tútù àti kànìnkànìn nìkan.

Ẹ má ṣe gbé agolo náà lé iná tààrà. Bí ìda bá gbiná, ẹ fi ìdérí bò ó, ẹ pa iná ìdáná, ẹ má da omi sí i.

Olómi

Kì í ṣe ìda gan-an, ṣùgbọ́n àtẹ kan náà ni wọ́n ń pàtẹ wọn sí. Aṣọ á rọ̀ bó ṣe wà, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yí. Kò lágbára tó ìda níbi tí nǹkan ti ń ha aṣọ, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe lẹ́yìn ìfọ̀ bíi mélòó kan. Ẹ rà á fún ẹ̀wù òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ dán an wò nínú ìṣẹ́tí aṣọ kí ẹ tó pa gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo àkọlé bóyá epo linseed, ìyẹn epo tí wọ́n fún láti inú irúgbìn ewéko flax, wà nínú rẹ̀: àkísà tí epo yẹn bá rin, tí wọ́n ká jọ, lè gbiná fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rà á, ẹ tẹ́ àkísà náà síta títí yóò fi gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sínú omi kí ẹ tó dà á nù.