Páàdì bíréèkì méjì tí mo ti lò lára 504 bàbá mi

Bàbá mi ló fi Peugeot 504 yìí sílẹ̀ fún mi, ara àwọn tí wọ́n tò ní Kaduna ni, ọdún 1984. Bí mo bá ń gbé e kọjá ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àgbàlagbà a máa juwọ́. Ọkọ̀ ni wọ́n ń kí o, kì í ṣe èmi.

Páàdì tí mo kọ́kọ́ rà sí i, ẹni tó tà á búra pé ojúlówó ni. Kò pé oṣù kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so lókùn. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti ìyàwó mi ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀, àgbò kan já lu títì. Mo tẹ bíréèkì kanlẹ̀, ọkọ̀ ṣì ń lọ. Àgbò yẹn ló sáré gba ara rẹ̀ là.

Nígbà tí mẹkáníìkì tú táyà, ojú páàdì ti jóná, ó ń dán bí àwo tánganran, etí kan sì ti ń ṣí kúrò lára irin ẹ̀yìn rẹ̀. Dísìkì, irin róbótó tí páàdì ń fún mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró, ńkọ́? Ó ti kọ gọ̀ǹbọ́! Owó ni mo fi fá a.

Páàdì kejì, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Ferodo, ló wà níbẹ̀ báyìí. Kí n tó lọ rà á, mẹkáníìkì bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kálípà Girling ni tiyín àbí Teves?" Kálípà ni irin tó di páàdì mú, Girling àti Teves sì ni àwọn tó ń ṣe é. 504 ni gbogbo wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n páàdì ọ̀kan ò wọ èkejì. Mo di páàdì àtijọ́ sínú ọ̀rá lọ sọ́jà, mo gbé tuntun lé e lórí kí n tó sanwó. Páálí kì í ṣe ẹ̀rí, ayédèrú pọ̀.

Lọ́jọ́ tí a dè é, kí ojú páàdì tuntun lè bá dísìkì mọ́ra, mo sáré dé 50 kìlómítà ní wákàtí kan, mo rọra tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kù díẹ̀ kó dúró, mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá, mò ń jẹ́ kó tutù láàárín. Ó rùn díẹ̀, òórùn náà sì lọ.

Oṣù méje rèé. Ó wọ́n, eruku dúdú rẹ̀ sì ń ba ríìmù jẹ́, gbogbo Sátidé ni mò ń fọ̀ ọ́. (Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku páàdì àtijọ́ o, asbestos, ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú àwọn mìíràn.) Ṣùgbọ́n kò han rárá, ìyàwó mi náà ò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́ bí a bá dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.