Orin, Faransé, ṣẹ́ẹ̀sì tàbí kọ̀ǹpútà: èwo ló tó sanwó fún nílé-ìwé Montessori?

Bíìlì ilé-ìwé Montessori kì í parí síbi owó sáà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń to àwọn ẹ̀kọ́ àfikún sí: orin, ijó, Faransé, ṣẹ́ẹ̀sì, kọ̀ǹpútà, lúwẹ̀ẹ́, ọgbà, oúnjẹ sísè. Wọ́n á ní kí ẹ máàkì èyí tí ẹ bá fẹ́. Òbí tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ á máàkì gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́wó ná á máàkì èyí tí orúkọ rẹ̀ dún jù létí.

Kí ẹ tó máàkì ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ yọ ọgbà àti oúnjẹ kúrò níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó dá ọ̀nà ìkọ́ni yìí sílẹ̀, ṣí Casa dei Bambini (Ilé Àwọn Ọmọdé) ní àdúgbò San Lorenzo, nílùú Róòmù, lọ́jọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1907, irú iṣẹ́ báyìí ló fi ń kọ́ ọmọ. Ọmọ ọdún 3 sí 6 á gbálẹ̀, á bomi rin òdòdó, á gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, á fọ abọ́ tó fi jẹun. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn nìyẹn, owó sáà ló sì yẹ kó gbé e. Ẹ rántí pé kò sẹ́ni tó ni orúkọ Montessori, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ sára ìgànná. Ẹ béèrè bóyá olùkọ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ AMI, ẹgbẹ́ Montessori àgbáyé tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1929, tàbí AMS, ẹgbẹ́ Montessori ti Amẹ́ríkà, tàbí ibi mìíràn tó ní láárí.

Orin: agogo tàbí kíbọ́ọ̀dù?

Ibí lowó yín ti lè wúlò jù, ibí náà ni wọ́n sì ti ń rẹ́ òbí jẹ jù.

Ohun èlò orin Montessori gan-an ni agogo, obìnrin náà àti Anna Maria Maccheroni, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ni wọ́n jọ ṣètò rẹ̀. Ọ̀wọ́ méjì ni. Ìdí àwọn ti ọ̀wọ́ kìíní funfun, òmíràn dúdú, bíi ti dùùrù. Ìdí ti ọ̀wọ́ kejì jẹ́ àwọ̀ igi. Agogo 13 ló wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí tó jẹ́ aláwọ̀ igi jọra wọn, ojú ò lè dá wọn mọ̀, àfi etí. Ọmọ á fi òòlù kékeré lu ọ̀kan, á tẹ́tí títí ohùn rẹ̀ á fi lọ, á wá máa wá èkejì rẹ̀ láàárín àwọn tó kù. Kò sí olùkọ́ tó máa sọ fún un pé ó ti gbà á tàbí ó ti ṣì í. Bó bá tò wọ́n tán tó sì tún wọn lù, òun fúnra rẹ̀ á gbọ́ èyí tí kò bá ẹnìkejì rẹ̀ mu.

Ní ti kíbọ́ọ̀dù, olùkọ́ kan á wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, á kó gbogbo kíláàsì jọ, wọ́n á máa kọ orin tí wọ́n fẹ́ fi ṣeré lọ́jọ́ àríyá ìparí ọdún. Ó dùn-ún wò, a sì máa ń ya fídíò rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí etí rẹ̀ kò tíì mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ lè dúró láàárín wọn kó máa la ẹnu lásán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n fi agogo hàn yín. Mo ti débi tí wọ́n tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ má baà bà á jẹ́. Owó orin wà nínú bíìlì ṣá o.

Agogo wọ́n, kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ló lè rà á. Bí kò bá sí, onílù tó mọṣẹ́ tó ohun tí à ń wá. Gángan àti dò-rè-mí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn Yorùbá ń la etí dáadáa. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni àyè kí ọmọ dá jókòó tì í, kó sì máa ṣe é láṣetúnṣe bó bá ṣe wù ú. Síbẹ̀, láàárín onílù àti kíbọ́ọ̀dù, onílù ni tèmi.

Faransé tàbí Yorùbá?

Ìgbàgbọ́ Montessori ni pé láti ọjọ́ ìbí títí di nǹkan bí ọdún 6, ọmọ ń gba èdè sára láìmọ̀ pé òun ń kẹ́kọ̀ọ́. Èyí tí wọ́n bá ń sọ sí i létí ló máa gbà. Olùkọ́ tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí gbogbo wọn jọ pariwo «Bonjour, madame» kò lè débẹ̀. Ẹni tó wà nínú kíláàsì látàárọ̀, tó jẹ́ pé Faransé ló fi ń ní kí ọmọ lọ fọwọ́, kó wọ bàtà, kó gbé àga, òun ló tó sanwó fún. Bákan náà ló rí fún Yorùbá. L'Ékòó, òfin tí gómìnà fọwọ́ sí ní 2018 ti sọ Yorùbá di dandan nílé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín bí àfikún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston, bí ẹ bá rí ẹni tó lè máa sọ Yorùbá sọ́mọ yín látàárọ̀ dalẹ́, ẹ gbàgbé Faransé ná.

Ṣẹ́ẹ̀sì, ayò, kọ̀ǹpútà

Ṣẹ́ẹ̀sì dáa fún ọmọ ọdún 6 sókè. Fún èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀, mo fara mọ́ ayò: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á máa fi ìka ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa kà á bó ṣe ń jù ú, owó táṣẹ́rẹ́ sì ni ọpọ́n kan. Kọ̀ǹpútà lè dúró. Ọmọ ọdún 4 tí kò tíì lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ń fẹ́ iṣẹ́, kì í ṣe ojú rẹ̀.

Lúwẹ̀ẹ́ ò bá Montessori tan, ṣùgbọ́n ẹ rà á nítorí ẹ̀mí ọmọ. Ẹ ṣáà wò ó bóyá olùkọ́ ń bá wọn wọnú omi, àbí ńṣe ló ń dúró létí rẹ̀ tó ń fun fèrè.

Aago

Èyí tí mo máa ń wò ju iye owó lọ ni ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ náà sí. Kíláàsì Montessori ń fẹ́ nǹkan bí wákàtí 3 láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní dí ọmọ lọ́wọ́. Ilé-ìwé kan lè ní Faransé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ijó ní aago mẹ́wàá, ṣẹ́ẹ̀sì ní mọ́kànlá. Ọmọ ò ní rí iṣẹ́ kankan ṣe parí kí wọ́n tó ní kó palẹ̀ mọ́. Òmíràn lè ní méjì péré, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ gba ètò ọ̀sẹ̀ ti ilé-ìwé méjèèjì, ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì fi ìka tọ àárọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ibi tí àárọ̀ bá ti gbòòrò, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó yín.