Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀ oní-kọ̀ntírólà sprayer ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ọkùnrin kan wà ní Àkúrẹ́ níbí tó ń ta kọ̀ntírólà fún sprayer ńlá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fín oògùn sóko, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ tí kì í ṣe pé katakata ló ń fà á. Á tà á, á tún bá yín so wáyà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń dá àgbàdo lọ́nà Ọ̀dà ló kó sí i lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi ké sí mi pé kí n wá yẹ ẹ̀rọ náà wò, oògùn ti jó ewé àgbàdo gbẹ níbì kan, koríko sì ń yọ bí ẹni pé wọn ò fín nǹkan kan níbòmíì. Oko kan náà, oògùn kan náà.

Iṣẹ́ kọ̀ntírólà ni pé kó máa gbọ́ iye omi tó ń kọjá látọ̀dọ̀ mítà, kó máa gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń sáré tó látọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ táyà tàbí GPS, kó wá máa fi fáàfù dín omi kù tàbí kó fi kún un. Bí awakọ̀ sáré, bó rọra, iye oògùn tó ń bọ́ sórí hẹ́kítà kan ò gbọdọ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ nǹkan kan nípa eré, afọ́jú ni.

Ibi tí gbájúẹ̀ yẹn wà gan-an nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ntírólà, èèyàn lè tẹ iye eré kan sí i bí ẹni pé ẹ̀rọ ń rìn, kí oníṣẹ́ lè fi dán an wò lójú kan. Ọkùnrin yìí á tẹ 8 kìlómítà ní wákàtí kan sí i, nígbà tí sprayer dúró gbagidi ní yáàdì rẹ̀. Á ṣí omi, ojú ẹ̀rọ á máa ka 200 lítà lórí hẹ́kítà kan, ẹni tó fẹ́ rà á á sì kówó sílẹ̀. Wáyà sẹ́ńsọ̀ tí mo bá lábẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n wa, téèpù dúdú ni wọ́n fi wé orí rẹ̀, wọ́n sì fi okùn dè é mọ́ férémù. Kò so mọ́ ibì kankan! Omi kan náà ló ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà. Ibi tí awakọ̀ ti rọra lọ ló jó, ibi tó ti sáré ni koríko ti ń rẹ́rìn-ín.

Wáyà tó lò ló bí mi nínú jù. Ó ní kọ́pà ni. Mo fi abẹ fá a, funfun ni inú rẹ̀: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú. Kì í gbé iná bíi kọ́pà, ó tètè máa ń kán, oògùn àti ọ̀rinrin á sì jẹ ẹ́ tán níbi ìsopọ̀. Orí sítátà ló tún ti mú iná, láìsí fíúsì. Orí bátìrì gan-an ló yẹ kó ti mú un. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti tẹ sítátà ni ojú kọ̀ntírólà ń kú tó tún ń jí. Rẹwáyà kan ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lára mọ́tò nìyẹn. Mi ò gbà fún un.

Ẹ má sanwó lórí ẹ̀rọ tó dúró. Ẹ bu omi lásán sí i, kẹ́ ẹ wà á. Bí bọ́ọ̀mù yín, ìyẹn ọ̀pá gígùn tí àwọn nọ́sù (ẹnu tí oògùn ń gbà tú jáde) wà lára rẹ̀, bá jẹ́ 12 mítà, tí ẹ fẹ́ 200 lítà lórí hẹ́kítà kan, ní eré 8 ó gbọ́dọ̀ máa tú nǹkan bíi 32 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá rọra wá sí 4, kó já sí 16. Bí kò bá já, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ tún gbé ike tí wọ́n sàmì lítà sí sábẹ́ nọ́sù kan nígbà tó bá wà ní ìdúró, pẹ̀lú eré 8 tó tẹ̀ sí i yẹn: tí nọ́sù bá jẹ́ 24, ẹyọ kan á tú lítà kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta lítà ní ìṣẹ́jú kan. Bí ojú ẹ̀rọ bá ń sọ 32, tí iye inú ike lọ́nà 24 sì ń sọ nǹkan mìíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára mítà omi kọ́ ni wọ́n tẹ̀ sínú kọ̀ntírólà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa lọ bá ọkùnrin náà, ó ní awakọ̀ ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Rìsíìtì tó kọ fún wọn kò ju “ẹ̀rọ kan” lọ, kò sí nọ́ńbà ẹ̀rọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti kó sí i lọ́wọ́, ẹ ya fọ́tò wáyà náà bó ṣe wà kẹ́ni kẹ́ni tó tú u, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kẹ́ ẹ kàn sí mi. A ti ń kó ẹ̀rí jọ láti fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà.