Ìṣẹ́jú 21: kọ́ọ̀sì sọ́fítíwià ilé-iṣẹ́ ńlá tí mo ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Aago 12:21 ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2025, ni mo fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ti fún gbogbo èèyàn ní ìsinmi, àwọn àlejò ṣì ń jẹun ní pálọ̀ wa n'Íbàdàn. Mo mọ̀ pé mo ṣì ní ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì nílẹ̀. Ni lẹ́tà pupa bá yọ lójú kọ̀ǹpútà: iṣẹ́ yìí fi ìṣẹ́jú 21 pẹ́.

Ìlú Ọba ni yunifásítì náà wà. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo ṣì ń kàwé lọ́dọ̀ wọn. Láti oṣù Kìíní tí a ti bẹ̀rẹ̀, aago méjìlá ọ̀sán tiwọn ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn iṣẹ́, ìyẹn aago kan tiwa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ inverter: AAGO KAN. Àmọ́ lóru ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwa ń múra ọdún, àwọn ará Ìlú Ọba sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú tó bá kẹ́yìn oṣù Kẹta lọ́dọọdún. Aago tiwa kì í yí. Láti òru yẹn títí di òpin oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni àwa àtàwọn jọ ń lò. Méjìlá wọn ti di méjìlá wa, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.

Máàkì mẹ́wàá ni wọ́n ń yọ lára iṣẹ́ tó bá pẹ́, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan. 74 ni mo gbà. 64 ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Mi ò tíì bọ́ aṣọ ọdún lọ́rùn tí mo fi kàn sí àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni àkọ́kọ́ dáhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó kí mi dáadáa, ó wá fi ìpín kan nínú ìwé òfin hàn mí: aago Ìlú Ọba ni gbogbo àkókò iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì yẹ kó mójú tó o. Mo ka òfin náà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò lè jiyàn. Ohun tó dùn mí ni pé lọ́jọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀, portal wọn, ìyẹn ojú ìkànnì tí a ti ń kàwé, fúnra rẹ̀ ní kí n yan agbègbè aago mi, mo sì yan Africa/Lagos. Aago Èkó ni wọ́n fi ń kọ ìgbà tí mo wọlé. Aago Èkó ni wọ́n fi ń kọ ìgbà tí olùkọ́ dá mi lóhùn. Ọjọ́ ìparí iṣẹ́ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ ní aago tiwọn, láìkọ nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé tiwọn ni. Ìmeèlì tí wọ́n fi rán wa létí lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ “Monday, 12:00”, ó sì parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn yìí kan náà ló kọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé ká máa fi UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé tí kì í yí, tọ́jú àkókò sínú database (ibi tí sọ́fítíwià ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí), ká sì yí i sí aago oníbàárà kó tó fojú kàn án.

Mo kọ ìyẹn náà ránṣẹ́. Ó ní òun á gbé e síwájú. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn kọ̀wé, ó ní kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, bí ẹni pé mi ò kọ nǹkan kan rí. Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ẹnì kẹta fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ó ní kí n fi ẹ̀rí sí i: ìwé dókítà, tàbí ìwé ẹ̀rí ikú. Ìwé dókítà wo ni mo fẹ́ lọ gbà nítorí aago? Mo kọ fọ́ọ̀mù náà, mo fi àwòrán ojú portal mẹ́rin tì í. Wọ́n ní ó ti dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni ìgbìmọ̀ fi dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn fídíò ti gbó. Èdè kóòdù tó ń jẹ́ Java la fi ń ṣiṣẹ́. Javax, orúkọ àtijọ́ tí àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ nínú kóòdù, ni ẹni inú fídíò ń kọ; Spring Boot 3, àkójọ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ sọ́fítíwià Java, sì ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa, jakarta, orúkọ tuntun, nìkan ló sì mọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wo ìlà pupa tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé kóòdù mi ní àṣìṣe. Oracle, ilé-iṣẹ́ tó ni Java, ló gbé Java EE, ẹ̀ka Java fún sọ́fítíwià ilé-iṣẹ́ ńlá, lé àjọ kan tó ń jẹ́ Eclipse Foundation lọ́wọ́ láìjẹ́ kí orúkọ náà tẹ̀ lé e. Wọ́n sọ ọ́ di Jakarta EE ní 2018, nígbà tó di 2020 javax di jakarta nínú kóòdù, Spring Boot 3 sì tẹ̀ lé wọn ní oṣù Kọkànlá 2022. Àlàyé ìlà méjì lábẹ́ fídíò ni ì bá yọ mí nínú gbogbo rẹ̀. Owó rẹ̀ ò sì kéré: lásìkò tí mo san án, pọ́n-ún kan ti ń lọ sí nǹkan bí 2,000 náírà. Àjọ ọdún kan àtààbọ̀ ni mo kó lé e.

Olùkọ́ tó ń tọ́ ẹgbẹ́ wa ló yí inú mi padà. Nígbà tí máàkì jáde, mo rí i pé òun náà yọ máàkì mẹ́jọ níbi tí sọ́fítíwià tí mo kọ ti ń fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ kóòdù mi ń ṣiṣẹ́. Mo fi ìbínú kọ̀wé sí i. Ó ní ṣé mo máa ráyè lálẹ́, ó sì kọ ọ́ báyìí: aago mẹ́jọ Nàìjíríà, aago mẹ́jọ tiwa náà. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí mi rí.

Ọ̀dọ́kùnrin ni, mi ò rò pé ó jù mí lọ. Ó ní kí n máa pe òun lórúkọ, àmọ́ ẹnu mi ò gbà á, olùkọ́ mi ni. “Sir” ni mo ń pè é títí a fi parí. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n fi 20,000 sínú àkáǹtì A, kí n ti àkáǹtì B pa, kí n wá fi 5,000 ránṣẹ́ láti A sí B. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe yọ, bó ṣe yẹ kó yọ, torí B wà ní títì. Ó ní èló ló wà nínú A? Mo wò ó: 15,000. Nínú B ńkọ́? Òdo. Ó ní, “Owó náà dà?” Mi ò rí èsì fọ̀. Ó dákẹ́, ó jẹ́ kí n máa wò ó.

Ẹni tó bá ti rí i rí tí báǹkì yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ò sì rí kọ́bọ̀, mọ ohun tí mò ń wò. Mo ti kọ @Transactional, àṣẹ kan tí Spring ń tẹ̀ lé, sórí method náà (apá kóòdù tó ń fi owó ránṣẹ́), mo sì fọkàn balẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kí ìgbésẹ̀ méjèèjì jọ wáyé, tàbí kí ìkankan má wáyé. Bí ìyá alájọ bá gba owó lọ́wọ́ rẹ tí kò rí káàdì rẹ fàlà sí, kó dá owó rẹ padà lójú ẹsẹ̀. Mi ò mọ̀ pé tí a ò bá bá Spring sọ ọ́, RuntimeException àti Error, àwọn àṣìṣe tí Java kì í fipá mú wa mójú tó, nìkan ló máa ń dá owó padà fún. Checked exception, oríṣi àṣìṣe tí Java ń fipá mú wa mójú tó, ni èyí tí mo kọ. Nígbà tó yọ, Spring fọwọ́ sí ìdajì tó ti wáyé, 5,000 sì wọlẹ̀. Ó ní kí n kọ rollbackFor = Exception.class kún un, ìyẹn ni pé kí Spring dá owó padà fún checked exception náà. Mo tún un rán: 20,000. Mo rán an lẹ́ẹ̀mẹta sí i kójú mi lè gbà á gbọ́. 20,000. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi jókòó tì mí. Mi ò béèrè máàkì mẹ́jọ yẹn mọ́.

Mi ò rí oorun sùn. Èmi ni mo kọ sọ́fítíwià tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ń lò. Fún ọdún méjì, owó á kúrò nínú ìfowópamọ́ ẹnì kan, kò sì ní dé orí gbèsè tó ń san. Mo máa ń fọwọ́ tún un ṣe nínú Excel, mo sì ń sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ló fà á. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ṣí kóòdù: @Transactional lásán, checked exception, bákan náà gẹ́lẹ́. Mo yẹ àkọsílẹ̀ wò, mo bá ìgbà mọ́kànlá tẹ́nikẹ́ni ò tíì rí. Ọ̀kan jẹ́ 12,500 náírà màmá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti wá sí ọ́fíìsì wa, a sì ń sọ fún wọn pé bóyá wọ́n gbàgbé ni.

Èmi fúnra mi ni mo pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé, mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àṣìṣe wa ni. Owó yín ti padà.” Wọ́n mú bébà tí mo tẹ̀ fún wọn, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo sọ fún wọn. Èmi kì í gbàgbé owó.”

Ìgbìmọ̀ wá dáhùn. Ìlà mẹ́ta péré. Wọn ò dá máàkì mẹ́wàá náà padà. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ìmeèlì tí wọ́n fi rán wa létí iṣẹ́ tó kẹ́yìn tún kọ “12:00” lásán.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ó lè kéré lójú ẹni tó ka ọ̀rọ̀ màmá yẹn, àmọ́ yunifásítì ni mò ń díwọ̀n, olùkọ́ kan tó lo alẹ́ ara rẹ̀ fún mi ò sì lè san gbèsè wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá javax ṣì wà nínú fídíò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ kọ òpin oṣù Kẹta àti òpin oṣù Kẹwàá sára ògiri yín. Ẹ̀yin ará Kútọnu, aago kan náà ni wá. Ẹ̀yin ti Togo, tó bá ti di òpin oṣù Kẹta, méjìlá wọn di mọ́kànlá yín.

Mo ti san owó module (apá ẹ̀kọ́) tó kàn. Ẹgbẹ́ olùkọ́ yẹn ni mo ní kí wọ́n tún fi mí sí.