Ètò "Mo Wà Láàyè" ti PTAD: orí àga nílé ni bàbá mi ti ṣe é

Bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kí oṣù kẹfà ọdún 2007 tó parí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. PTAD, àjọ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fún irú wọn, gbé ètò kan jáde ní 2023 tí wọ́n pè ní "I Am Alive", ìyẹn "Mo Wà Láàyè". Kò ju kí arúgbó fi ojú ara rẹ̀ hàn lórí fóònù lọ, kí ìjọba lè mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ṣì wà lókè eèpẹ̀. Mo ti bá bàbá mi ṣe é. Ó wà lára ohun tó dára jù tí mo tíì rí kí ìjọba ṣe fún àwọn àgbàlagbà wa.

Ẹni tí kò bá mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lè má mọyì rẹ̀. Kí fóònù tó wọ ọ̀rọ̀ náà, ara wọn ni wọ́n ń gbé lọ. Wọ́n á kéde ọjọ́, wọ́n á dárúkọ gbọ̀ngàn, gbogbo arúgbó agbègbè náà á sì rọ́ lọ síbẹ̀. Bàbá mi á ti jí láago mẹ́rin ìdájí. Wọ́n á gbé fáìlì wọn dání: lẹ́tà tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga tó kẹ́yìn, lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, ìwé ọjọ́ ìbí tí wọ́n búra fún ní kóòtù. Lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ yẹn ti ya lójú ibi tí wọ́n ti ká a, sẹ́lótéèpù ni a fi mú un pọ̀ lẹ́yìn. Mo rí ìyá kan níbẹ̀ tí ọmọ wọn pọ̀n wọlé nítorí pé ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọn kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo rí bàbá kan tí wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì bo orí nínú oòrùn, tí wọ́n ń bẹ ẹni tó bá ti kọjá pé kó jọ̀ọ́, kó má gba orí àwọn kọjá, pé àwọn ti wà lórí ìlà láti àárọ̀. Àwọn tó fi ọdún 35 sin ilẹ̀ yìí! Ó dùn mí wọra.

Nígbà tó wá kan ti orí fóònù, mo ṣí ojú ewé PTAD, mo tẹ àwọn nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn sí i, ó wá ní kí Bàbá wo kámẹ́rà. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìmọ́lẹ̀ inú pálọ̀ kò tó, fèrèsé tó sì wà lẹ́yìn wọn ń jẹ́ kí ojú wọn dúdú lórí fóònù. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ẹnu ọ̀nà." Mo gbé àga wọn kọjú síta. Mo ní kí wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ṣí fìlà náà mọ́ ọn, wọ́n fi ọwọ́ nu iwájú orí, wọ́n jókòó ṣánṣán bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù.

"Ṣé àwọn ará Àbújá ń rí mi báyìí?"

Mo ní ẹ̀rọ ni, ó ń fi ojú yín wé àwòrán yín tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba.

"Kó wò ó dáadáa o. Èmi náà ni."

Kò pẹ́ tó fi fèsì pé ó ti gbà. Bàbá kò gbàgbọ́ pé ó ti parí. Wọ́n ti gbé fáìlì yẹn lé itan, wọ́n ń retí kí ẹnì kan béèrè lẹ́tà. Nígbà tó yá ni wọ́n ní kí n gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì ní kí ẹnì kan gbé àmàlà àwọn wá. Kò sí ọkọ̀ tí a wọ̀, kò sí oòrùn tó pa ẹnikẹ́ni, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò lọ sókè nítorí ìlà.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fún òbí rẹ̀ ni kó ṣe é ní ojúmọmọ, kó jẹ́ kí ojú arúgbó kọ sí ìmọ́lẹ̀, kí dátà sì ti wà nílẹ̀ dáadáa. Kí àwọn ọmọdé má dúró sẹ́yìn àga. Kí orúkọ tó wà ní báǹkì àti èyí tó wà nínú ìwé ìfẹ̀yìntì bára mu, nítorí ohun tó dà wá láàmú ṣáájú nìyẹn: báǹkì kan tí n kò ní dárúkọ ti ṣi orúkọ bàbá mi kọ, lẹ́tà kan sì fò. Àtúnṣe lẹ́tà kan ṣoṣo gba wàhálà tó ju gbogbo ètò ojú fóònù yìí lọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí àsìkò tó tó. Ẹ má sì fi falẹ̀, torí pé ẹni tí kò bá jẹ́rìí pé òun wà láàyè, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n ń sanwó fún. Ẹni tí kò ní fóònù tó ní kámẹ́rà tó mọ́ tàbí ọmọ tó mọ̀ ọ́n lò lè lọ sí ọ́fíìsì PTAD tó bá súnmọ́ ọn, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì náà máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ọ̀fẹ́ ni o. Mo ní láti pariwo èyí, nítorí ohun tí mo fi ojú mi rí. Oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ládùúgbò wa ń gbowó lọ́wọ́ àwọn arúgbó láti bá wọn ṣe é. Bó bá jẹ́ owó dátà àti owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí ìyá kan kó káàdì ATM àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ wá! Mo dá a dúró lójú gbogbo èèyàn, mo mú ìyá náà lọ sílé. Kò sí ibi tí ètò yìí ti béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́ àwọn òbí yín kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tó pè wọ́n lórí fóònù pé òun ń pè láti PTAD.

Gbogbo arúgbó kọ́ ni PTAD wà fún, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ṣi èyí mú. Ẹni tó fẹ̀yìntì lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní ti ìpínlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì tuntun ti 2004, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, lọ́dọ̀ PFA wọn, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bá òṣìṣẹ́ tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, ni owó wọn wà: òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń dá ìdá 10. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú èyí, ọ̀rọ̀ tó sì wà níwájú wọn le ju ti Bàbá lọ, torí pé wọ́n ní láti yan bóyá kí PFA máa san án díẹ̀díẹ̀ fún wọn, tàbí kí wọ́n fi ra èyí tí ilé iṣẹ́ adójútòfò á máa san títí ọjọ́ ayé wọn. Ti àkọ́kọ́, bí wọ́n bá kú, ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ ti àwọn ọmọ. Ti ìkejì kì í tán nígbà tí èèyàn bá ṣì wà láyé, àwọn ọmọ sì ní ẹ̀tọ́ sí i bí ọdún 10 àkọ́kọ́ kò bá tíì pé. Mo ní kí wọ́n má tètè buwọ́ lu ohunkóhun.

Owó náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti yọ lára àmì tí mo fún ìjọba. Abala 173 ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé ọdún márùn-ún márùn-ún ni kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì yẹ̀ wò, tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá ti fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, èyíkéyìí tó bá yá. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní 2024, 32,000 náírà lóṣù ni wọ́n fọwọ́ sí pé kí wọ́n fi kún ti àwọn bíi bàbá mi. A dúpẹ́, ó dára ju òfo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà ní ilé oògùn, kí ẹ wá fi ìrẹsì àti iná mànàmáná kún un. Kò tó. Kò tó rárá.

Èyí tó sì ń jẹ mí lọ́kàn jù ni àwọn tí kò ṣiṣẹ́ ìjọba rí: àgbẹ̀, ìyá alátẹ, télọ̀, bírikìlà. Ìjọba àpapọ̀ dá ètò owó ìfẹ̀yìntì oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní 2019, ó dára fún ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ni ẹni ọdún 78 fẹ́ fi ṣe? Ìpínlẹ̀ Èkìtì gbìyànjú ní 2011 lábẹ́ Káyọ̀dé Fáyẹmí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó tó ti pé 65, tí kò ní olùrànlọ́wọ́, ní 5,000 náírà lóṣooṣù. Irú ẹ̀ ló yẹ kó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, kí ó sì jẹ́ òfin tí gómìnà tuntun kò lè fi ẹsẹ̀ nù dànù. Bó bá sì dé, kí wọ́n wo àwòkọ́ṣe PTAD yìí: kí owó wá bá arúgbó nílé.

Bàbá ti sọ fún ọ̀rẹ́ wọn tí àwọn jọ wà ní mínísírì iṣẹ́ òde nígbà náà. Òkè òkun ni gbogbo ọmọ wọn wà. Ní Sátidé, mo máa gba ilé wọn kọjá láti bá wọn ṣe tiwọn náà.